Ta Ló Yọ Éríà Òkè-Ìrètí?

Ìyá Ọpẹ́fólúwa ló kọ́kọ́ rí òkú náà. Omi ti fà láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ìgèrè rẹ̀ lábẹ́ afárá pákó. Ẹja ló ń wá, Gbọ́láhàn ló bá. Ọmọkùnrin náà dojú bolẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan há sáàárín òpó, ẹ̀yìn orí rẹ̀ sì ti fọ́. Ìyá Ọpẹ́fólúwa ju ìgèrè nù, ó fi igbe ta. Kí oòrùn tó mú, gbogbo Òkè-Ìrètí ti pé sórí afárá, afárá náà sì ń mì tìtì.

Gbọ́láhàn kì í ṣe ọmọ tí èèyàn lè ṣì mọ̀ ní ìlú náà. Òun ni olùtọ́jú wáífáì. Bí ẹ bá dé Òkè-Ìrètí, ẹ ó mọ̀ pé ipò kékeré kọ́ nìyẹn, nítorí pé òkun ti jẹ ilẹ̀ tí òpó ilé-iṣẹ́ fóònù dúró lé, òpó náà sì ti wó sómi tòun ti wáyà rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ bá ará ìlú mìíràn bíi Ugbonla sọ̀rọ̀, yálà kó wọ ọkọ̀, tàbí kó gba ti wáífáì. Ilé pákó kékeré kan wà láàárín ìlú tí wọ́n ń pè ní ilé nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àwo tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì láti ojú sánmà wà lórí òrùlé rẹ̀, àpótí tó ń pín in wà nínú ilé, éríà gígùn kan sì wà lórí òpó tó ń jù ú dé ilé àwọn èèyàn lórí omi. Ìsàlẹ̀ ilé yìí gan-an ni òkú wà.

Nígbà tí ọkọ̀ ọlọ́pàá fi máa dé, àwọn ọ̀dọ́ ti rí apànìyàn tiwọn. Wọ́n ti ya wọ ṣọ́ọ̀bù Muzammil, atún-fóònù-ṣe tó ń gbé apá Ẹ̀yìn-Ọ̀sà, wọ́n sì bá éríà ìlú nínú abọ́ omi lábẹ́ tábìlì rẹ̀. Wọn ò tún bi í ní ìbéèrè kankan. Wọ́n lù ú bíi kíkú bíi yíyè, wọ́n tì í mọ́ inú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n lọ ń wá epo bẹntiróòlù.

Ìsípẹ́kítọ̀ Sàrátù Kọ́lájọ gun afárá, ó kí wọn. Ọmọ Ugbonla ni, bàbá rẹ̀ ló ń ta àwọ̀n fún ìdajì àwọn tó dúró níbẹ̀, èdè Ìlàjẹ ló sì fi kí wọn. Ṣùgbọ́n Yorùbá ilé ìwé ni wọ́n fi dá a lóhùn, èyí tí wọ́n máa ń sọ fún àlejò tí wọn ò fẹ́ kó jókòó. Ó dùn ún. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún tó lò ní ẹ̀ka tó ń wádìí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ní Àkúrẹ́ ti kọ́ ọ pé ọlọ́pàá tó bá ń wá ẹni tó máa fẹ́ràn òun, kó lọ ṣe iṣẹ́ mìíràn.

Jọọlá, olórí àwọn ọ̀dọ́, ló jáde síwájú. Ó ga, ó sì ń fi gíga náà halẹ̀.

"Ṣé ìwọ ni wọ́n rán wá?" ó bi í. Obìnrin tó lè jẹ́ àbúrò ìyá rẹ̀ ló ń pè ní ìwọ yẹn. "Ìmàle pa èèyàn, Ìmàle náà ni wọ́n rán wá ṣèwádìí. Wọ́n kúkú ṣe é dáadáa."

"Ọlọ́pàá ni wọ́n rán wá," Sàrátù dáhùn. "Ta ló rí Muzammil níbi tó ti ń pa á?"

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ tó ké lánàá ló pa ọmọ jẹ? Òun ló ń ta wáífáì fún wa kí ti ìlú tó dé. Ọjọ́ tí Gbọ́láhàn tan ti ìlú ni ọjà rẹ̀ kú. Éríà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí lo tún ń wá?"

"Ẹni tó pa Gbọ́láhàn ni mò ń wá."

"Máa wá a lọ." Jọọlá nawọ́ sí ipa odò tó lọ sí Ẹ̀yìn-Ọ̀sà, tí ẹrẹ̀ ṣì hàn nísàlẹ̀ rẹ̀. "Ọkọ̀ wa tó ń gbé epo bọ̀ ò lè gba ibẹ̀ kọjá báyìí. Ṣùgbọ́n omi máa kún. Bí omi bá kún tí o ò tíì rí ẹlòmíràn, a máa sun ṣọ́ọ̀bù yẹn, tòun tẹni tó wà nínú rẹ̀. Ìwọ àti sájẹ́ǹtì rẹ kan ò lè dá wa dúró."

Irọ́ kọ́ ló pa. Àwọn méjì péré ni wọ́n wá, ìbọn kan ló sì wà láàárín wọn. Sàrátù rán Sájẹ́ǹtì Godwin lọ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Muzammil, ó ní kó má kúrò níbẹ̀ bí ayé ń parẹ́. Ó bojú wo omi. Ó ti ń yí padà.

Ó kọ́kọ́ wọ ilé nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sórí pákó lẹ́yìnkùlé, níbi tí kò sí igi ìdábùú tí èèyàn lè dì mú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lu ọmọkùnrin náà tó fi já sómi. Ó wo àpótí wáífáì. Iná kékeré méjì ló wà níwájú rẹ̀. Ọ̀kan ń tàn, èkejì ti kú. Lẹ́yìn náà, ó gun àkàbà lọ wo òpó. Èèyàn fi sípánà tú éríà náà jẹ́jẹ́ ni, àwọn nọ́ọ̀tì wà létòlétò nínú agolo. Wọ́n fi ọ̀rá wé ẹnu wáyà, wọ́n sì fi okùn dì í kí afẹ́fẹ́ òkun má baà ráyè wọ̀ ọ́. Sàrátù dúró lórí àkàbà. Olè wo ló ń bo ẹnu wáyà tó jí, kí ó má baà dípẹtà?

Princess, ìyàwó Gbọ́láhàn, wà láàárín àwọn obìnrin. Kò sunkún. Ojú tó fi wo Sàrátù gbóná ju ẹkún lọ.

"Ọkọ mi jẹun ọ̀sán, ó jáde. Ó padà wálé, ó tún jáde nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó ní òun fẹ́ lọ wo àpótí. N kò rí i mọ́. Kí lẹ tún fẹ́ kí n sọ? Ẹ lọ mú ará yín."

"Ṣé ó ní ìjà pẹ̀lú ẹnikẹ́ni?"

"Gbogbo Etí-Òkun ló ń bá a jà. Ìgbìmọ̀ ìlú ní ó ṣeé ṣe kí àwọn gbé àpótí wáífáì lọ sí Ẹ̀yìn-Ọ̀sà, nítorí pé òkun ń sún mọ́ ilé nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Wọn ò tíì fẹnu kò. Àwọn ará Etí-Òkun ní bí wọ́n bá gbé e lọ, ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti fi àwọn sílẹ̀ fún òkun. Wọ́n gbé ọkọ mi ṣépè, bí ẹni pé òun ló ń jẹ ilẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣépè kì í yọ éríà pamọ́ sábẹ́ tábìlì." Ó tu itọ́ sómi. "Ẹ lọ, Ọ̀gá ọlọ́pàá. Ẹ jẹ́ kí n ríran rí ọkọ mi."

Sàrátù gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ṣọ́ọ̀bù Muzammil. Ojú Muzammil kan ti wú di. Hafeezah ìyàwó rẹ̀ ń fi aṣọ tútù nu ètè rẹ̀.

"Gbọ́láhàn fúnra rẹ̀ ló gbé e wá," Muzammil sọ. "Lẹ́yìn ìrun àìlá, lọ́sàn-án àná. Iyọ̀ òkun ti jẹ ẹnu éríà náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe níbí, Ìsípẹ́kítọ̀. Ohun tó bá jẹ́ irin, ì báà ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, à á tú u wálẹ̀, à á rẹ ẹ́ sínú omi òjò kí iyọ̀ lè jáde. Mo rẹ ẹ́, mo jó òjé tuntun sí i lẹ́nu, mo tún fi sómi kí ìyókù iyọ̀ lè fọ̀. Àárọ̀ òní ló yẹ kó wá gbé e."

"Ta ló rí i nígbà tó gbé e wá?"

"Ìyàwó mi. Nígbà tí oòrùn wọ̀, mo wà ní mọ́sáláṣí, mo ń kírun mọ̀gáríbì. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ rí mi. Ṣùgbọ́n wọ́n ní Ìmàle kì í jẹ́rìí tako Ìmàle."

Sàrátù fi ìka kan omi inú abọ́, ó tọ́ ọ wò. Omi òjò náà ti ní iyọ̀ lẹ́nu. Ó gbé éríà sókè. Òjé tuntun ń dán lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó bá jí nǹkan lẹ́yìn tó pa olówó rẹ̀ kì í jókòó fi ọ̀yàyà tún un ṣe. Èyí tẹ́ ẹ lọ́rùn, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé kò ní tẹ́ Jọọlá lọ́rùn. Ẹni tó ń gbé epo bọ̀ kì í wo òjé. Ó ní láti mú orúkọ ẹlòmíràn jáde.

Ohun kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Bí wọ́n bá ti tú éríà láti ọ̀sán, iná tó kú lára àpótí yẹn ti kú láti ọ̀sán nìyẹn. Ó wọ afárá tó lọ sí Etí-Òkun.

Ilé tó kù ní Etí-Òkun ò pọ̀ mọ́. Òpó àwọn ilé tó ti lọ ṣì nàró nínú òkun, ẹyẹ ń bà lé wọn. Ìyá Ọpẹ́fólúwa jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ara rẹ̀ ò tíì balẹ̀.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì?" ó ní. "Lánàá? Láti ọ̀sán ni kò ti sí. Mo tiẹ̀ rìn lọ sẹ́nu ilé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, fóònù mi ò rí nǹkan kan. Gbogbo apá ibí ló ń ráhùn."

"Gbogbo apá ibí kọ́," ohùn kan sọ láti ilé kejì.

Bàbá Ìtẹ́olúwakìṣí ni, àgbà Etí-Òkun, ẹni tí ilé rẹ̀ sún mọ́ òkun ju ti gbogbo wọn lọ. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Promise, sì ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Kánádà. Ó jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, fóònù tuntun kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń dán gbinrin.

"Ti tèmi wà," ó ní. "Mo bá ọma mi sọ̀rọ̀ nígbà tí oòrùn ń wọ̀, lórí àga yìí, títí ilẹ̀ fi ṣú. Fóònù Ìyá Ọpẹ́fólúwa ti gbó, má dá a lóhùn. Promise ló fi eléyìí ránṣẹ́ sí mi. Ó máa ń gba ohun tí tiwọn kò lè gbà."

"Ẹ ò wá gbúròó nǹkan kan láti ilé nẹ́tíwọ́ọ̀kì, Bàbá?"

"Láti ibí? Mo ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ ni. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni Ìmàle yẹn lọ pa á, tó sì yọ éríà. Láti ìgbà náà ni tèmi náà ti kú." Ó wò ó tìkà-tẹ̀gbin. "Mo mọ bàbá rẹ, aláwọ̀n. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Má fi orúkọ rẹ̀ bo apànìyàn. Irọ́ lè sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a."

"Òótọ́ ni, Bàbá. Ṣé mo lè bá Promise sọ̀rọ̀?"

"Kí ló dé? Pè é. Kó sọ ohun tó rí fún ọ."

Bàbá náà fa fóònù náà lé e lọ́wọ́ bí ẹni tí àyà rẹ̀ balẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí, nítorí náà àwọn méjèèjì jọ gba afárá padà. Sàrátù ń wo ojú fóònù bí wọ́n ṣe ń rìn. Kò sí nǹkan. Wọ́n kọjá ibi tí wọ́n ń yan ẹja, kò sí nǹkan. Wọ́n kọjá kàǹga, kò sí nǹkan. Ìgbà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ilé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni fóònù gbọ̀n, tí gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ti rán sí i bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé tìntìn-tìntìn. Bàbá ò fi ìyẹn ṣe nǹkan kan. Ó jókòó síta lórí pákó, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Sàrátù wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó pe Promise. Obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́ òru. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà á nígbà tó rí aṣọ ọlọ́pàá.

"Kò sí nǹkan tó ṣe Bàbá yín," Sàrátù yára sọ. "Ṣé ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ lánàá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. A pẹ́ díẹ̀."

"Báwo ni àwòrán ṣe rí?"

Promise rẹ́rìn-ín. "Àh, ti àná yàtọ̀. Ìgbà mìíràn ojú Bàbá mi á dì, ohùn wọn á máa gé, n á máa fi òye mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Lánàá ó mọ́ kedere, mo tiẹ̀ rí ewú irùngbọ̀n wọn. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n jókòó níwájú mi. Inú mi dùn púpọ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀, Ìyá?"

"Ẹ lọ sinmi," Sàrátù sọ fún un. Ọ̀rọ̀ náà ò dùn lẹ́nu rẹ̀, nítorí ó ti mọ ohun tí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fún bàbá rẹ̀.

Nígbà tó jáde, omi ti bo ẹrẹ̀. Ọkọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ti wà lójú omi, kẹ́ẹ̀gì epo sì wà lábẹ́ ìjókòó Jọọlá.

"Àkókò tó," Jọọlá sọ.

"Ó tó. Gòkè wá, Jọọlá. Mo fẹ́ kí o bá mi di fóònù kan mú, nítorí pé ìwọ lo kórìíra mi jù níbí. Wọn ò ní sọ pé o gbè mí."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, kò sì fẹ́ kí wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ló bá gòkè. Sàrátù fi fóònù Bàbá Ìtẹ́olúwakìṣí lé e lọ́wọ́ níwájú ilé nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

"Ṣé o rí àmì wáífáì?"

"Ó kún."

"Máa rìn lọ sí Etí-Òkun. Bó bá kú, kí o pariwo."

Jọọlá ń lọ, ojú gbogbo èèyàn ń bá a lọ. Kò tíì dé kàǹga tó fi dúró. Ó mi fóònù náà, ó gbé e sókè, ó padà sẹ́yìn díẹ̀, ó tún lọ síwájú.

"Ó ti kú," ó sọ, ohùn rẹ̀ ò sì le bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Bàbá, fóònù yín nìyẹn," Sàrátù sọ. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ò dé kàǹga. Báwo ló ṣe dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín lánàá?"

"Éríà wà lókè lánàá!" Bàbá dìde. "Ẹ̀yìn ìgbà tí mo sọ̀rọ̀ tán ni olè yẹn yọ ọ́."

"Bí éríà bá wà lókè nígbà tí oòrùn ń wọ̀, kí ló dé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbogbo ará Etí-Òkun fi kú láti ọ̀sán?"

"Mo ti sọ fún ọ. Fóònù wọn ti gbó. Tèmi jẹ́ tuntun."

Sàrátù yíjú sí àwọn èèyàn. Ó ti pa Yorùbá ilé ìwé tì, Ìlàjẹ ni ó ń fọ̀ sí wọn báyìí, bí wọ́n fẹ́ bí wọ́n kọ̀.

"Ẹ̀yin apẹja, ẹ mọ ìgbì. Ìgbì gígùn máa ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, kì í yára, ṣùgbọ́n ó máa dé etíkun. Wàìwàì omi tí ọkọ̀ ń dá sílẹ̀, ó ń sáré, ó pọ̀, ṣùgbọ́n kì í jìnnà tó fi máa ń kú. Ìgbì méjì ló wà nínú àpótí yìí náà. Ọ̀kan gùn, ó ń jìnnà, òun ni éríà òkè ń jù sí yín nílé. Èkejì kúrú, ó yára, àwòrán rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kì í jìnnà sí àpótí. Kò nílò éríà òkè. Nígbà tí Gbọ́láhàn tú éríà lọ́sàn-án àná, ó pa ìgbì gígùn, ẹ lọ wo iná rẹ̀. Ìgbì kúkúrú nìkan ló kù."

"Kí ló dé tí tèmi ò fi rí i lẹ́nu ọ̀nà níbí?" Ìyá Ọpẹ́fólúwa béèrè.

"Ìbéèrè tó yẹ nìyẹn, Ìyá. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ayé fi ìlànà kan lélẹ̀ fún wáífáì, nọ́ńbà rẹ̀ ni 802.11, kí fóònù ilẹ̀ kan lè gbọ́ èdè àpótí ilẹ̀ mìíràn. Wọ́n ń tún un ṣe lóòrèkóòrè. Fóònù yín wà lórí ìlànà àtijọ́, ìgbì gígùn nìkan ló gbọ́. Ti Bàbá wà lórí ìlànà ìkẹfà, ó gbọ́ méjèèjì. Òótọ́ ni wọ́n sọ pé tàwọn gba ohun tí tiyín ò gbà. Ṣùgbọ́n tuntun fóònù kì í mú ìgbì kúkúrú rìn jìnnà. Bí ìgbì náà ò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ló fẹ́ gbà? Bàbá pè é ní agbára fóònù tuntun, èmi pè é ní ibi tí ẹni tó mú un dúró sí."

Ó bọ́ síwájú Bàbá Ìtẹ́olúwakìṣí.

"Ọmọ yín sọ fún mi pé àwòrán àná mọ́ ju ti gbogbo ìgbà lọ. Ó ní ó dà bí ìgbà tí ẹ jókòó níwájú òun. Ìgbì kúkúrú ló ń mọ́ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ẹ ò sí nílé yín nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Inú ilé yìí lẹ ti pe Promise, Gbọ́láhàn ló sì ṣílẹ̀kùn fún yín. Kí ló dé tí ẹ fi purọ́ ibi tí ẹ wà?"

Bàbá wo fóònù tó wà lọ́wọ́ Jọọlá, ojú tó fi wò ó dà bí ojú tí èèyàn fi ń wo ajá tó bù ú jẹ.

"Wọ́n ti yọ wá kúrò," ó sọ nígbẹ̀yìn. Ohùn rẹ̀ kún fún ìkórìíra, kò sì fi pamọ́. "Gbogbo ọ̀sán ni n kò rí ọma mi. Mo wa ọkọ̀ débí, mo gbójú sókè, mo rí òpó lásán. Mo ní wọ́n ti ṣe é. Wọ́n ti fi Etí-Òkun sílẹ̀ fún òkun láìsọ fún wa. Gbọ́láhàn jẹ́ kí n wọlé, ó jẹ́ kí n pe Promise. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, mo bi í pé éríà ńkọ́. Ó kúnlẹ̀ sídìí wáyà lẹ́yìnkùlé, kò tiẹ̀ wojú mi. Ó ní, 'Ẹ ní sùúrù dọ̀la, Bàbá.' Sùúrù! Òkun ti gba ilé mi méjì, wọ́n ní kí n ní sùúrù. Òkun gba ibojì ìyàwó mi, wọ́n ní kí n ní sùúrù. Àjẹ̀ ọkọ̀ mi wà lọ́wọ́ mi."

Princess bú sí ẹkún tí kò tíì sun láti àárọ̀.

"Ó gbé e wá fún fífọ̀ ni," ohùn kan sọ lẹ́yìn wọn. Muzammil ni, ó gbé éríà dání; Godwin, tí Sàrátù ránṣẹ́ pè, ló fà á lápá, Hafeezah sì ru ẹrù tẹ̀lé wọn. "Ẹ̀yin lẹ ń fi ẹjọ́ sùn ún pé àwòrán ọmọ yín ń dì. Ó sọ fún mi lánàá, ó ní kí n ṣe é dáadáa, kí Bàbá Promise lè máa rí ọmọ rẹ̀. Kò tiẹ̀ fẹ́ kí wọ́n gbé àpótí kúrò. Iyọ̀ nìkan ló fẹ́ fọ̀ kúrò."

Bàbá Ìtẹ́olúwakìṣí jókòó sórí pákó, ó ń wo éríà náà. Ó ti lo gbogbo ayé rẹ̀ láàárín àwọn tó ń tú irin wálẹ̀ fọ iyọ̀, òun náà ti fọ tirẹ̀ láìmọye ìgbà. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí inú ń bí i ni kò rántí. Godwin fi ìdè sí i lọ́wọ́, kò sì jà.

Jọọlá ti ju àwọ̀n kan bo kẹ́ẹ̀gì epo inú ọkọ̀ rẹ̀. Ó sún mọ́ Muzammil, ó ń wo ilẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹ bá wa gbé e padà sókè. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n ṣe báyìí."

Muzammil fi ojú kan tó là wò ó. "Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé," ó ní, "ẹni tó kó o kì í gbàgbé." Ó gbé éríà náà kalẹ̀ sẹ́sẹ̀ Jọọlá. Ó di apá ìyàwó rẹ̀ mú, wọ́n wọ ọkọ̀ ọlọ́pàá pẹ̀lú ẹrù tí wọ́n ti dì. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, fóònù tuntun yẹn dún lórí tábìlì Sàrátù. Ní ibẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára. Láti inú àtìmọ́lé, Bàbá mọ orin tó ń kọ, ó sì yíjú sí ògiri. Sàrátù jẹ́ kó dún díẹ̀ kó tó gbé e. Ojú Promise yọ kedere.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ìyá," ó ní. "N kò lè sùn. Ṣé ohun tí mo sọ fún yín láàárọ̀ ran Bàbá mi lọ́wọ́?"

Sàrátù fa àga sún mọ́ tábìlì, ó jókòó, kó tó dá a lóhùn.